Àbúrò mi kò ṣe àmín níbi fìdáù bàbá wa

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Aláàdìrẹ ni mí l'Óṣogbo, Òkè-Báálẹ̀ ni ilé bàbá wa wà. Bàbá jáde láyé, a sì ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ. Àbúrò mi ọkùnrin, ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ mi ní ìṣirò ní Sátidé-Sátidé, òun ló dá owó màlúù, òun ló háyà àga àti kánópì, òun náà ló ń bu oúnjẹ fún àlejò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ààfáà bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ó lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tánkì omi, kò tẹ́wọ́, kò ṣe àmín. Mo pè é sí kọ̀rọ̀ lálẹ́, ó ní òun kò gbà pé Ọlọ́run wà mọ́, pé ó ti pé ọdún mélòó kan. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ní ẹgbẹ́ òkùnkùn ló wọ̀. Ìyàwó bàbá wa ní iṣẹ́ ayé ni. Èmi rò pé ikú bàbá ló mú kó máa bínú sí Ọlọ́run. Nígbà tí ọ̀rọ̀ le, òun náà ní ẹ̀rù ló ń mú gbogbo wa kírun, pé a kì í ronú. Láti ọjọ́ náà, mi ò jẹ́ kí àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Sà, kí ni àìgbàgbọ́ yìí gan-an? Ṣé mo ṣì lè fi ọmọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run? Ọjọ́ ogójì bàbá ń bọ̀ lọ́nà.
Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọ̀rọ̀ bàbá, ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ọlọ́run yóò fi Àlùjánnà kẹ́ wọn. Kí ẹ lè mọ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀: ìmọ̀ nípa ẹ̀sìn ni mo fi ń jẹun, Mùsùlùmí àti Kìrìstẹ́nì ni mo jọ ń kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì sì ni èmi fúnra mi ń lọ. Èmi àti àbúrò yín kò jọ gba ohun kan náà. Mo kàn mọ irú ọ̀rọ̀ tó sọ dáadáa ni, torí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì kí wọ́n tó lanu.

Bí mo ṣe ka lẹ́tà yín sí, gbólóhùn kan ṣoṣo ni àbúrò yín sọ. Ẹ̀gbọ́n yín gbọ́ pé ó ti mulẹ̀ níbòmíràn. Ìyàwó bàbá gbọ́ pé wọ́n ti ṣe é. Ẹ̀yin gbọ́ pé ó ń bínú, lẹ́yìn náà ẹ tún gbọ́ pé kò sí ohun tó lè dá a lẹ́kun mọ́, ẹ sì fa ọmọ yín sẹ́yìn. Kò sọ ìkankan nínú rẹ̀. Òun náà kò gbọ́ tiyín. Ẹ tẹ́wọ́ fún bàbá tó bí yín, ẹ ṣe àmín, ó ní ẹ̀rù ló ń bà yín, ẹ kì í ronú. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un? Orí ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ ni ẹ ti ń jà látọjọ́ yìí.

Ẹ jẹ́ ká mú ohun tó sọ gan-an. Ó ní òun kò gbà pé Ọlọ́run wà. Àwọn tó ń sọ èyí kò rí bákan náà. Ẹnì kan á ní òun mọ̀ dájú pé kò sí. Ẹlòmíràn á ní òun kò tíì rí ohun tó lè mú òun gbà. Ẹnì kẹta á ní ọ̀rọ̀ náà ju ohun tí ọmọ ènìyàn lè mọ̀ lọ. Irú ẹni yìí ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ìlú Ọba kan, Thomas Huxley, wá orúkọ fún ní 1869, nítorí ó ti sú u kí wọ́n máa tì í sí ìhà kan tàbí ìhà kejì. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí èmi ń bá pàdé, irú ìkejì ni wọ́n. Ẹ̀yin aláàdìrẹ ló yẹ kó tètè yé. Oníbàárà dé, ẹ na aṣọ sí i, ẹ ní aró ẹlú gidi ni, kì í ṣe kẹ́míkà. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó fi ìka ra á, ó ní òun kò tíì gbà. Kò pè yín lópùrọ́. Kò sọ pé kò sí ẹlú láyé. Kò sì sọ pé òun kò ní san owó aṣọ tí òun ti rà láwìn. Ohun kan ló sọ. Ìyókù, àfi kí ẹ bi í.

Nítorí náà, ẹ bi í: èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni tirẹ̀? Kò sí ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù nínú ìbéèrè náà. Nínú Kùránì pàápàá, Súrà 45, ẹsẹ 24, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ àwọn kan tí wọ́n ní kò sí ju ayé tí a ń gbé yìí lọ, pé ìgbà nìkan ló ń pa ènìyàn. Ẹsẹ náà dá wọn lóhùn, ó ní wọn kò ní ìmọ̀ nípa rẹ̀, àbá lásán ni wọ́n ń dá. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ó gbé ọ̀rọ̀ wọn kalẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ kí ó tó fèsì. Ohun tí ẹ̀gbọ́n yín kò ṣe gan-an nìyẹn.

Ti ẹgbẹ́ òkùnkùn kò gba àkókò. Ìbúra ló ń so ẹgbẹ́ òkùnkùn pọ̀, ìbúra sì nílò ohun tí a gbà pé ó lè fìyà jẹni bí a bá dalẹ̀. Ẹni tí kò gba Ọlọ́run kò gba Sàtánì, kò gba iwin, kò gba ohun tí wọ́n máa bù fún un mu. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí ẹ̀rín máa pa níbi tí wọ́n ti ń mulẹ̀, òun ni. Mo mọ ìdí tí ọkàn ẹ̀gbọ́n fi sáré lọ síbẹ̀, ṣá. Nílẹ̀ wa, a kò mọ ẹni tí kò ní ohun kan tó ń sìn. Ayé la bá Ifá, ayé la bá Ìmàle, ọ̀sán gangan ni ìgbàgbọ́ wọlé dé. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la pín ìlú mọ́ra wa lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní òun kò sí nínú ìkankan, a ó ní ó ní ibi tó fi tirẹ̀ pamọ́ sí. Fọ́ọ̀mù ilé ìwé ń béèrè ẹ̀sìn, ti ọsibítù náà ń béèrè, a kì í sì í fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní. Ìkànìyàn ìjọba kò tiẹ̀ béèrè ẹ̀sìn mọ́ láti 1963. Ti 1991 àti ti 2006 fò ó kọjá. Torí náà, ẹni tó bá ka iye aláìgbàgbọ́ tó wà ní Nàìjíríà fún yín ní oókan èjì, àfẹnujẹ ni.

Ti iṣẹ́ ayé ńkọ́? Mo bẹ̀ yín, ẹ tètè pa ọ̀rọ̀ náà kú nínú ilé, nítorí ibi tó máa ń gbé ìdílé dé. Ní 2014, àwọn ẹbí Mubarak Bala ní Kánò gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n tì í mọ́ ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú, kò sì sí ohun tó ṣe ju pé ó ní òun kò gba Ọlọ́run mọ́. Ẹnjiníà ni ọkùnrin náà. Lẹ́yìn tó jáde, ó di olórí Humanist Association of Nigeria, ẹgbẹ́ àwọn tí kò gbé ìgbé ayé wọn ka ẹ̀sìn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, ọlọ́pàá mú un nítorí ohun tó kọ sórí Facebook nípa Ànábì. Ilé ẹjọ́ gíga Kánò rán an lẹ́wọ̀n ọdún 24 ní 2022, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn gé e sí ọdún 5 ní 2024, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní oṣù kìíní 2025. Ẹnì kan lè ní ohun tó kọ ń dun Mùsùlùmí, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọ́ọ̀dù yẹn ṣáájú kóòtù. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ jù ló kọ́kọ́ kọ̀ láti gbà pé ọ̀rọ̀ tó ń tẹnu rẹ̀ jáde, tirẹ̀ ni.

Mo tún fẹ́ kí ìyàwó bàbá gbọ́ èyí. Nínú àwọn tó ń gbèjà àwọn ìyá àgbàlagbà tí wọ́n bá pè lájẹ̀ẹ́ ní Nàìjíríà, aláìgbàgbọ́ wà níbẹ̀ níwájú-níwájú. Leo Igwe, tó dá Nigerian Humanist Movement sílẹ̀, ti ń ṣe iṣẹ́ náà bọ̀ láti ọdún pípẹ́. Bí ọjọ́ ogbó bá dé tí àwọn ọmọ àdúgbò gbé irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ ko màmá lójú, àbúrò yín ni màá kọ́kọ́ wá lọ.

Tiyín, pé inú ló ń bí i, sàn ju tiwọn lọ. Síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ní ó ti pé ọdún mélòó kan, bàbá sì wà láyé nígbà náà. Ẹni tó ń bínú sí Ọlọ́run kò tíì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Nínú Bíbélì tiwa, Jóòbù bínú débi tó fi ṣépè fún ọjọ́ tí wọ́n bí i, Ọlọ́run náà ló sì ń bá wíjọ́. Ọ̀fọ̀ lè ti ẹlòmíràn dé ibi tí àbúrò yín wà, mo ti rí irú rẹ̀. Ẹ kàn má fi ẹnu tiyín sọ ìdí fún un. Bí ẹ bá ń wí fún ẹni tó ti ronú fún ọdún mélòó kan pé ìbínú lásán ni, ohun tó ń gbọ́ ni pé ọmọdé ni òun, pé tó bá sùn tó jí, á lọ.

Ó wá ku èyí tó ń jẹ yín lọ́kàn jù, ti àwọn ọmọ. Ẹni tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run, kí ni yóò dá a lẹ́kun? Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ ń béèrè. Will Gervais àti àwọn onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde ní 2017, tí wọ́n ṣe láàárín ènìyàn tó lé ní 3,000 ní orílẹ̀-èdè 13. Wọ́n ṣàpèjúwe ọkùnrin kan tó ń dá ẹranko lóró láti kékeré, tó dàgbà tán tó wá ń pa ènìyàn. Wọ́n ní kí àwọn kan sọ èyí tó ṣeé ṣe jù: pé ọkùnrin náà jẹ́ tíṣà, tàbí pé ó jẹ́ tíṣà tó tún jẹ́ onígbàgbọ́. Fún àwọn mìíràn, wọ́n fi aláìgbàgbọ́ rọ́pò onígbàgbọ́. Àwọn tí ọkàn wọn lọ sí aláìgbàgbọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì àwọn tí ọkàn wọn lọ sí onígbàgbọ́. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn aláìgbàgbọ́ tó wà nínú àwọn tí wọ́n bi náà ro ohun kan náà nípa ara wọn. Ìwádìí náà kò sọ pé aláìgbàgbọ́ ń pààyàn. Ó sọ ibi tí ọkàn wa máa ń sáré lọ kí ojú wa tó rí ohunkóhun.

Ojú yín ti rí nǹkan, ní tiyín. Ẹni tó dá owó màlúù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó gbọ́dọ̀ ṣe é, kí ló dá a lẹ́kun tí kò fi sá lọ? Bí àwọn àgbà ilé bá gbàgbé, ẹ rán wọn létí Tai Solarin ti Ìkẹ́nnẹ́, onísòkòtò káàkì péńpé. Ọkùnrin yẹn kò fi àìgbàgbọ́ rẹ̀ pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó fi ipò ọ̀gá ilé ìwé sílẹ̀ ní Molusi College, Ìjẹ̀bú-Igbó, ó lọ dá Mayflower School sílẹ̀ ní 1956, ilé ìwé tí kò fi ẹ̀sìn kankan ṣe ìpìlẹ̀. Kìrìstẹ́nì gbé ọmọ lọ, Mùsùlùmí gbé ọmọ lọ. Wọ́n mọ̀ pé ọmọ náà á roko, á kàwé, á sì mọ bí a ṣe ń fi ọwọ́ ara ẹni ṣe nǹkan. Nígbà tí ìjọba ológun tì í mọ́lé ní 1984, ẹnu rẹ̀ tí kò dákẹ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi ẹ̀sùn owó kàn án. Àwọn òbí tó gbé ọmọ wá fún un kò di aláìgbàgbọ́. Ìwà rẹ̀ ni wọ́n wò.

Mi ò ní fi ẹnì kan ṣe ẹ̀rí gbogbo wọn o. Ní 1967, ìjọba Enver Hoxha ní Albania ti mọ́ṣáláṣí pa, ó ti ṣọ́ọ̀ṣì pa, ó kéde pé orílẹ̀-èdè tí kò ní Ọlọ́run ni tiwọn, ìyà sì jẹ ẹni tí wọ́n bá ká àdúrà mọ́ lẹ́nu. Aláìgbàgbọ́ lè le koko bí ẹlẹ́sìn. Àmọ́ ẹ̀yin kọ́ lẹ fẹ́ fi Hoxha ṣe alágbàtọ́. Ọmọ ìyá yín ni.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mi a máa fi Sáàmù 14 gbá irú àbúrò yín lẹ́nu: aṣiwèrè ló wí lọ́kàn ara rẹ̀ pé Ọlọ́run kò sí. Mo máa ń ní kí wọ́n kà á dé ẹsẹ kẹrin. Níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn aṣiwèrè náà: wọ́n ń jẹ àwọn ènìyàn bí ẹni ń jẹ oúnjẹ. Ìlú wa kún fún irú wọn. Kọngílá tó jẹ owó títì mọ́ ọ̀dà lẹ́nu, tó tún wá jókòó sí ìjókòó iwájú lọ́jọ́ Sunday tàbí sáàfù àkọ́kọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, lọ́kàn ara rẹ̀ ló ti wí i. Kò jẹ́ fi ẹnu sọ ọ́ bí àbúrò yín ṣe sọ ọ́.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí ẹlẹ́sìn mọ̀ kí ó tó sọ òkò orúkọ yìí. Àwọn baba ńlá wa nínú ìgbàgbọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Àwọn ará Róòmù máa ń pe àwọn Kìrìstẹ́nì ìgbà náà ní aláìlọ́lọ́run, nítorí wọn kò bọ àwọn òrìṣà ìlú. Ní nǹkan bí ọdún 155 sí 160, wọ́n mú Polycarp, bíṣọ́ọ̀bù Símínà, ìlú tó wà ní Tọ́kì òde òní, wọ́n gbé e wá sí pápá ìṣeré níwájú gómìnà. Àgbàlagbà ni; ó ní ọdún 86 ni òun ti fi sin Olúwa òun. Gómìnà ní kí ó búra, kí ó sì wí pé, "Ẹ mú àwọn aláìlọ́lọ́run kúrò!" Ohun tó ń sọ ni pé kí ó kọ àwọn Kìrìstẹ́nì ẹgbẹ́ rẹ̀. Bàbá yìí yíjú wo gbogbo èrò tó kún pápá, ó mí kanlẹ̀, ó na ọwọ́ sí àwọn èrò náà, ó gbójú sókè, ó ní, "Ẹ mú àwọn aláìlọ́lọ́run kúrò." Wọ́n sun ún níná lọ́jọ́ náà.

Ẹ mú u wá sí Òṣogbo. Pásítọ̀ ń pe olọ́ṣun ní aláìgbàgbọ́. Ààfáà ń pe pásítọ̀ ní kèfèrí. Bí Susanne Wenger ṣe ti Austria dé, tó di Àdùnní Olórìṣà, tó ń mọ ojúbọ sínú igbó Ọ̀ṣun títí ó fi kú níhìn-ín ní 2009, àwọn kan láàárín ìlú wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Igbó tó fi ayé rẹ̀ ṣọ́ yẹn ni UNESCO fi sí ara ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Kódà nínú Ìsìláàmù yín, ṣebí Mùsùlùmí wà l'Óṣogbo tí kò ní jẹ ẹran fìdáù, tí yóò ní àdádáálẹ̀ ni, pé Ànábì kò ṣe é? Irú wọn kì í dúró ṣe àmín yín. Ẹ kì í fi ẹgbẹ́ òkùnkùn kàn wọ́n.

Apá tó kù yìí, ẹ jẹ́ kí àbúrò yín kà á fúnra rẹ̀, torí ẹjọ́ tirẹ̀ náà wà nílẹ̀.

Ó rò pé ìgbàgbọ́ yín jẹ́ gbólóhùn kan tí ẹ tọwọ́ bọ̀, pé Ọlọ́run wà, àti pé nígbà tí òun kò lè tọwọ́ bọ̀ ọ́, ohun tó kù ni kí òun pa ẹnu mọ́ kí òun má baà purọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún un lórí ìyẹn. Àmín ẹ̀tàn rọrùn jù ú lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n kí ó wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi fìdáù gan-an. Ààfáà á bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọ́bí. Á pe orúkọ, ẹni náà á jáde, ìyàwó á tẹ̀lé e, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á nawó, ààfáà á ní wọn kò ní fi ọmọ sunkún, gbogbo agbolé á ní àmín. Á pe èkejì. Bó ṣe ń lọ nìyẹn, títí kan ọmọ tó kéré jù, títí kan ọmọ ọmọ tí wọ́n gbé pọ̀n. Wọ́n ń ka àwọn ọmọ olóògbé lójú ayé ni. Àmín tí ẹbí ń ṣe lé yín lórí, Ọlọ́run nìkan kọ́ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n ń bá ẹ̀yin náà sọ̀rọ̀: a mọ̀ yín, bí ọ̀ràn bá dé, a ó wá. Àbúrò yín dákẹ́ kí ó má baà purọ́ fún ẹni tí kò gbà pé ó wà. Agbolé rí i pé ó yọ ara rẹ̀ kúrò láàárín àwọn ọmọ bàbá rẹ̀. Òun kò mọ̀ pé ohun tí wọ́n rí nìyẹn, àwọn náà kò mọ̀ pé kì í ṣe ohun tó ṣe.

Òṣogbo ló yẹ kí èyí ti yéni jù. Mùsùlùmí ni Àtáọ́ja tó wà lórí ìtẹ́ lónìí, síbẹ̀, bí oṣù kẹjọ bá dé, kábíyèsí á lọ sódò, nítorí àdéhùn tí ìtàn ní Láròóyè tó tẹ ìlú dó bá Ọ̀ṣun ṣe, ti ìlú ni, kì í ṣe ti ẹnì kan. Arugbá á gbé igbá, èrò á tẹ̀lé e. Àwọn kan ń bínú sí i, wọ́n ní ẹbọ ni, ẹ̀tọ́ wọn ni láti sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló jẹ́ rò pé gbogbo ẹni tó bá Arugbá dé etídò ló ti gba gbogbo ohun tí àwòrò ń wí?

Pé ẹ̀rù ló ń mú yín sìn: ẹ̀rù wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Àwọn oníwàásù wa ń fi iná ọ̀run tajà. Ṣùgbọ́n Rábíátù ará Básírà, obìnrin mímọ́ tí ẹ fi orúkọ rẹ̀ ń sọ ọmọ, àdúrà tí wọ́n mọ̀ mọ́ ọn láti nǹkan bí 1,200 ọdún sẹ́yìn ni pé bó bá jẹ́ ìbẹ̀rù iná ló mú òun sin Ọlọ́run, kí ó fi òun sun nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ nítorí Àlùjánnà, kí ó tì í mọ́ òun lẹ́nu. Kí àbúrò yín wá ibi tí ẹ̀rù wà nínú ìyẹn. Pé ẹ kì í ronú ńkọ́? Imam al-Ghazali, ọ̀gá àwọn onímọ̀ ní Bàgídádì, kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ pé ìgbà kan wà tí iyèméjì bo òun débi pé òun kò fọkàn tán ohun tí ojú òun rí pàápàá. Nígbà tó di 1095, ó fi ipò ńlá tó wà sílẹ̀, ó ń rìn kiri bí òtòṣì. Onígbàgbọ́ ló padà jẹ́, onígbàgbọ́ tó ti dé ibi tí àbúrò yín ń gbé báyìí. Kò rọrùn láti pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní aláìronú, àfi bí ènìyàn kò bá tíì kà á.

Òfin ò fi bẹ́ẹ̀ lọ́rọ̀ nínú èyí. Abala 38 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún gbogbo wa ní òmìnira èrò, ẹ̀rí ọkàn àti ẹ̀sìn, àti láti yí i padà. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọlọ́pàá dẹ́rù bà á, ẹ fi ìyẹn hàn án. Kí òun náà má gbé ìjà ilé yìí sórí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp, torí òfin ọ̀daràn tí à ń lò níhà ọ̀dọ̀ wa ka kí a bú ẹ̀sìn ẹlòmíràn ní gbangba sí ẹ̀ṣẹ̀, ìbínú àwọn ará àdúgbò kì í sì í dúró de òfin.

Ọjọ́ ogójì: ẹ pè é kí ọjọ́ náà tó kò, ẹ̀yin méjèèjì nìkan. Ẹ sọ fún un pé ẹ kò ní kó ṣe àmín. Ẹ ní ibi tí ẹ fẹ́ kó wà ni àárín yín, kì í ṣe ìdí tánkì. Bí ààfáà bá dé orí orúkọ rẹ̀, kó jáde, kó dúró, kí agbolé ṣe àmín lé e lórí. Àmín tiwọn ni, kò fi ẹnu ara rẹ̀ purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí ìyẹn bá ṣì wúwo fún un, ẹ ní kó sọ ìtàn bàbá fún àlejò kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀, bí wọ́n ṣe rán yín níwèé. Iṣẹ́ ọmọ ni ìyẹn náà. Ẹ bá ààfáà sọ̀rọ̀ ṣáájú kó má fi wáàsí sọ ọ́ lókò, ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín àgbà mọ̀ pé bó bá fa ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òkùnkùn yọ lọ́jọ́ náà, ojú bàbá ló ń tì.

Ẹ rán àwọn ọmọ padà sí i ní Sátidé tó ń bọ̀. Ẹ bá a ṣe àdéhùn: ìṣirò ni iṣẹ́ rẹ̀, bí àkókò ìrun bá tó, kó jẹ́ kí wọ́n dìde lọ ṣàlùwàlá, kó má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀yin náà, ẹ má bi wọ́n léèrè ohun tó bá wọn sọ bí ẹni ń wádìí olè. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì máa bi í lọ́jọ́ kan pé, "Bọ̀ọ̀dá, kí ló dé tí ẹ kì í kírun?" Kó sọ òótọ́ fún un ní ṣókí, pé òun kò gbà bí màmá ṣe gbà, kó sì ní kó lọ bi màmá rẹ̀ ìdí tí òun fi gbà. Kí ọmọ náà tó gbé ìbéèrè yẹn dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ ti ní èsì tiyín sílẹ̀. "Gbogbo ènìyàn ló ń ṣe é" kò ní tó o.